Ẹ̀kán Ọ́ìlì Lábẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú wa

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ètò ìpàdé yìí kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀, wọ́n fi yíyan ohun tí a ó sọ lé wa lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa retí pé olùkọ́ yóò sọ̀rọ̀ nípa ìwé kíkà àwọn ọmọdé, tàbí nípa ìtàn ìlú. Ìwọ̀nyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, àti nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pàápàá, ohun kékeré kan ṣoṣo ni a mú: ọ́ìlì tí ó ń jò ní ìdí asẹ́ rẹ̀, asẹ́ tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní fílítà. Ilé tí kò ní ẹni tí ó ní ọkọ̀, tàbí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ jẹun, tàbí ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì, kò pọ̀ mọ́ ní ìlú wa. Yàtọ̀ sí èyí, ní ọdún tí ó kọjá, ohun kékeré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó ńlá lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ wa. A ó sọ bí ó ti rí nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ń yí nínú irin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí irin bá ń ha irin ní gbígbẹ, àwọn méjèèjì yóò gbóná, wọn yóò jẹ ara wọn, wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ ara wọn níkẹyìn. Ọ́ìlì ni onílàjà tí ó wà láàárín wọn. Ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni agbada kan wà tí à ń pè ní sọ́ọ̀mpù. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbé. Páǹpù kan ń fà á láti ibẹ̀, ó ń tì í gba inú asẹ́ kọjá kí ìdọ̀tí àti ẹ̀rún irin lè dúró sínú asẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ́ìlì tí ó mọ́ yóò lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí, yóò sì tún ṣàn padà sínú sọ́ọ̀mpù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo títí a ó fi pa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn ọkọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ kò ní irú asẹ́ yìí. Ní ọdún 1923 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Ernest Sweetland àti George Greenhalgh, gbé asẹ́ ọ́ìlì ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n sọ ní Purolator. Láti àwọn ọdún 1950 ni irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀, èyí tí ó dà bí agolo irin tí a ń yí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bébà tí a ká jọ ni ó wà nínú agolo náà. Ní ẹnu rẹ̀ ni rọ́bà róbótó kan wà, tí ó tẹ̀ mọ́ ojú irin ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà kékeré yìí nìkan ni ó dí ojú ọ̀nà mọ́ ọ́ìlì kí ó má baà tú jáde.

A fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ohun kan níhìn-ín, nítorí pé òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Agbára ni páǹpù fi ń ti ọ́ìlì gba inú asẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń tì, ó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì, agbára náà yóò lọ, jíjò yóò sì dín kù, tàbí kí ó tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹ̀kán méjì tí ẹ rí ní òwúrọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kò sọ gbogbo òtítọ́ fún yín. Ohun tí ó kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró sí ẹ̀yìnkùlé lè máa tú bí omi ẹ̀rọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lọ sí Ìbàdàn tàbí sí Èkó. Ọ́ìlì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bí lítà 4 lọ. Kò pẹ́ rárá kí ó tó tán.

Bí ó bá tán, iná pupa tí a ya àwòrán ìgò ọ́ìlì sí yóò tàn níwájú awakọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, iná yìí kì í ṣe ìkìlọ̀ pé kí ẹ wá ọ́ìlì rà bí ẹ bá dé iwájú. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọ́ìlì kò ní agbára mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun yóò rọra wà á dé abúlé tí ó wà níwájú, ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì mìíràn ni yóò rà. Bí ọ́ìlì bá sì ń kán sórí páìpù èéfín tí ó gbóná, ó lè gbiná. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Ọ̀ràn bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ bọ́ọ̀sì Toyota Hiace tí Ẹgbẹ́ fi owó ìdáwó rà, tí ó ń gbé àwọn aláìsàn láti ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọdún tí ó kọjá, a gbé e lọ sí ìlú ńlá kan kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ó padà dé tí awakọ̀ fi rí ọ́ìlì lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọ́ìlì kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni owó ọ́ìlì ń jáde, tí ilẹ̀ ilé ìwòsàn sì ń dúdú.

A pe mẹ́káníìkì kan. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé ẹ́ńjìnnì àti jíà rin gbingbin fún ọ́ìlì, ó sì ní kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. A pe èkejì. Èyí ní ẹ́ńjìnnì ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kí a lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn. Nítorí ẹ̀rù ọ̀nà, a dá ọkọ̀ náà dúró. Ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìdáwó sí àwọn ẹ̀ka wa ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì náà kò fi rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, aboyún méjì tí ó ń rọbí ni a fi ọ̀kadà gbé lọ ní òru. Ọlọ́run kó wọn yọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ìlú wa kan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ mẹ́káníìkì, ni ó bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìnnì náà kí ẹnikẹ́ni tó tú u. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ìlera gbà fún un. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo wa fi rí ọ́ìlì tuntun tí ó ń yọ́ jáde ní ẹnu asẹ́. Nígbà tí ó tú asẹ́ náà, rọ́bà méjì ni a bá níbẹ̀. Rọ́bà asẹ́ àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ ojú irin nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́, ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀ kò sì wò ó. Ó kàn yí asẹ́ tuntun lé e lórí. Rọ́bà lórí rọ́bà kì í dúró: èyí tí ó wà lókè kò ní kòtò tí yóò dì í mú, agbára ọ́ìlì yóò sì tì í jáde. Asẹ́ kan àti ọ́ìlì tuntun ni gbogbo ohun tí a ná. Títí di òní, bọ́ọ̀sì náà kò jò mọ́.

A kò sọ ìtàn yìí láti fi bú ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí a lè kọ́ bí a ṣe ń wádìí.

Bí a ṣe ń wá orísun jíjò

Èkíní: ẹ wọn ọ́ìlì. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé, ẹ tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi bù kún un.

Èkejì: ẹ mọ ohun tí ó ń kán. Ẹ tẹ́ páálí tí ó mọ́ sábẹ́ ọkọ̀ di òwúrọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa rí bí oyin nígbà tí ó bá tuntun, a sì máa dúdú nígbà tí ó bá gbó. Ọ́ìlì jíà ti ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ sábà máa ń pupa. Omi rédíétọ̀ lè ní àwọ̀ ewé tàbí kí ó pọ́n díẹ̀. Omi tí kò ní àwọ̀, tí ó ń kán nígbà tí ẹ bá lo ẹ̀rọ amútútù inú ọkọ̀, kì í ṣe àrùn.

Ẹ̀kẹta: ẹ fọ ibẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ́ìlì kì í dúró sí ibi tí ó ti jáde. Ó ń ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà sì ń fẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn, títí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ yóò fi rin. Nítorí náà, ibi tí ó ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti ń jò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ àyíká asẹ́ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe fi epo pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ láéláé, ẹ má sì ṣe da omi sórí wáyà iná.

Ẹ̀kẹrin: ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ sì wò ó. Kí ẹnì kan dúró ti ìjókòó awakọ̀, kí ẹnì kejì fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè. Kí ó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó sì fi ọwọ́ àti aṣọ jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Ẹ wá ibi tí ó ga jù lọ tí ó tutù fún ọ́ìlì tuntun. Bí ó bá jẹ́ ẹnu asẹ́ gan-an ni, a ti rí i. Bí asẹ́ bá gbẹ lókè ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ẹ wo ara agolo náà bóyá ó lu. Bí ó bá jẹ́ láti òkè ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì ti ń ṣàn bọ̀ wá sórí asẹ́, gasikẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ni kí ẹ fura sí. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tí a fi ń da ọ́ìlì nù pẹ̀lú, nítorí wọ́ṣà rẹ̀ a máa gbó. Ẹ tún wo kókó kékeré oníwáyà tí ó ń tan iná pupa nì. Òun náà a máa jò, ó sì sábà máa ń súnmọ́ asẹ́.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Bí asẹ́ bá ni, ìdí tí ó fi ń jò kò pọ̀: rọ́bà méjì tí ó wà lórí ara wọn, rọ́bà tí ó lọ́ tàbí tí ó ya nítorí pé a kò fi ọ́ìlì pa á kí a tó yí i, ìdọ̀tí tí ó wà ní ojú irin, asẹ́ tí a kò yí le tó, asẹ́ tí a yí le jù, asẹ́ ọkọ̀ mìíràn tí a fi sí ọkọ̀ yìí nítorí pé ó wọ̀ ọ́. Bí asẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun tí kò sì le, ẹ lè fi ọwọ́ yí i díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe fi agbára bá a jà. Ẹ tú u.

Ẹ fi òkúta tàbí ìtì igi dí táyà. Bí ó bá di dandan kí ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi ẹsẹ̀ irin tí ó lágbára gbé e ró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì tutù kí ó má baà jó yín. Ẹ da á sínú agbada, kí ẹ sì tú asẹ́ náà. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ yí ẹnu rẹ̀ sókè, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì ni ó wà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú irin náà, kí ẹ sì fi ìka yí i ká kí ó lè dá yín lójú.

Ẹ fi asẹ́ tuntun wé ti àtijọ́: kí fífẹ̀ rọ́bà àti ojú ìyí wọn dọ́gba, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ fi ìka ra ọ́ìlì tuntun sára rọ́bà náà. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí i títí rọ́bà yóò fi kan irin. Ẹ fi ẹfun sàmì sí i níbẹ̀. Láti ibi àmì yìí, ọ̀pọ̀ asẹ́ kò fẹ́ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan lọ, tàbí ìyípo kan géérégé; a máa ń kọ ọ́ sára agolo tàbí páálí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ṣípánà dè é. Àwọn kan rò pé bí ó bá ti le tó ni ó ti dára tó, ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù a máa fún rọ́bà pa, a sì máa ṣòro láti tú lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, bí irú àwọn Toyota Corolla kan tí ó jáde láti nǹkan bí 2009, asẹ́ náà kì í ṣe agolo. Bébà nìkan ni a ń pààrọ̀ nínú ìgò onídérí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní kòtò ara ìdérí náà. Tuntun ni a gbọ́dọ̀ fi sí i nígbà gbogbo, inú kòtò rẹ̀ gan-an ni a sì gbọ́dọ̀ fi í sí. Wọ́n kọ ìwọ̀n líle rẹ̀, 25 Nm, sára púpọ̀ nínú àwọn ìdérí ti Toyota. Ṣípánà tí ń wọn agbára ni kí a lò fún irú èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdérí náà jẹ́ ike, wọn a sì máa sán.

Lẹ́yìn náà, ẹ dè nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà, ẹ bu ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ là sílẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tàn án. Iná pupa gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá kú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ wo ẹnu asẹ́, ẹ pa á, kí ẹ sì tún wọn ọ́ìlì. Ẹ tún wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun méjì ni a fẹ́ kìlọ̀. Àkọ́kọ́ ni gọ́ọ̀mù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù pa ẹnu asẹ́. Ó lè já sínú ọ̀nà ọ́ìlì kí ó sì dí i, nígbà náà ni ẹ ó ti fi ikú ẹ́ńjìnnì wo jíjò sàn. Èkejì ni ọ́ìlì tí a dà nù. Ẹ má ṣe dà á sínú gọ́tà tàbí sí ìtòsí kànga. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì fi fún àwọn tí ń gbà á jọ.

Ohun tí a ń bẹ Ẹgbẹ́ pé kí ó ṣe

Alága wa, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ohun mẹ́ta ni a gbé ka iwájú ìpàdé yìí. Kí a fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí awakọ̀ máa kọ ọjọ́ tí ó wọn ọ́ìlì àti iye tí ó bù kún un sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọ́ìlì kún ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìbèèrè ibi tí èyí tí ó kọ́kọ́ bù ń lọ, owó Ẹgbẹ́ ni ó ń dà sílẹ̀. Èkejì, kí Ẹgbẹ́ má ṣe gba ìwé ìnáwó lórí ẹ́ńjìnnì kankan mọ́, àfi bí a bá ti fọ̀ ọ́, tí ẹni méjì sì ti fi ojú rí ibi tí ó ti ń jò. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ ń ṣe wàhálà kí ẹ tó rí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ó tọ́ kí ẹ mọ̀ pé a kì í ná an lórí àbá.

Ẹ̀kẹta ni ó súnmọ́ ọkàn wa jù. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì ní ọwọ́ tí ó dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò lè ka ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá. Àwa olùkọ́ díẹ̀ ti pinnu láti máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ní ilé ẹ̀kọ́ wa, láìgba owó. Kí Ẹgbẹ́ bá wa ra ìwé àtúnṣe ọkọ̀ díẹ̀ àti ṣípánà tí ń wọn agbára kan. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àwọn ọmọ yín fún wákàtí méjì. Ọmọ tí ó gba bọ́ọ̀sì wa là ní ọdún tí ó kọjá kò ní agbára ju àwọn yòókù lọ. Ó fọ ẹ́ńjìnnì kí ó tó sọ̀rọ̀, ó sì wò kí ó tó tú.